Àkọsílẹ̀ Ìpàdé ní Ìtòkú

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ìyẹn nínú ìwé.
Aago mọ́kànlá kọjá kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kíláàsì tó dé,
ó ń làágùn, ó ní òkè Ìtòkú kò mọ̀ pé òun ti dàgbà.
A jókòó sórí bẹ́ńṣì ọmọdé, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Èmi ni akọ̀wé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá:
mo kọ ọkọ̀ tó dé, ọkọ̀ tó pẹ́, ọkọ̀ tí kò wá rárá.
Wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówémìmọ́ láti káńsù tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì,
ó fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé ìlú lọ.
"Níbí la ó kọ́ ilé ìtọ́jú ọ̀sán sí,
fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà
àti àwọn ọmọ tí ìdàgbà wọn ń falẹ̀.
Nọ́ọ̀sì yóò máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Olùkọ́ méjì. Kẹ̀kẹ́ Márùwá kan.
Ṣùgbọ́n iye orí lowó ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin olórí agbolé, ẹ kà wọ́n."

Wọ́n kà.
Agbolé Jágùnà: kò sí.
Agbolé Lísà: kò sí irú ẹ̀ nínú ìran wa.
Agbolé tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí: ọ̀kan, ṣùgbọ́n ayálégbé ni.
Mo ń kọ ọ́. Òdo, òdo, òdo,
bí ẹyin tí adìẹ yé sórí ìlà.
Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin.
Mẹ́rin! Ní Ìtòkú tí a ti ń gbọ́ igbe lóru,
tí a sì ń sọ fún ara wa láàárọ̀ pé ológbò ni.

Ṣówémìmọ́ yọ awò ojú rẹ̀.
"Mẹ́rin kò lè ra kẹ̀kẹ́."

Ìgbà náà ni ìyá Ẹniafẹ́ dìde,
obìnrin tó ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́yìn Ìdí-Àbà;
eruku funfun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
"Ẹ kọ márùn-ún.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Kò lè ka owó,
ṣùgbọ́n ó mọ ìró ẹsẹ̀ gbogbo yín,
ẹ̀yin tí ẹ máa ń yára kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi.
Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.
Ọdún keje rèé. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
Èmi ò tọrọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ibi tó lè wà láìsí àgádágodo ni mo ń wá,
láti aago méje sí aago mẹ́rin."

Kíláàsì pa lọ́lọ́.
Lísà ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ dúró ná," ó ní.
"Ọmọ ọmọ mi. Ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì fọhùn."
"Àbúrò ìyàwó mi."
"Ìyá mi ni, láti ìgbà tó ti bí mi."
Gègé mi kò lè sáré tó.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú lójú fèrèsé, a kò pè é:
"Èmi náà. Ẹ má kà mí bí àpò sìmẹ́ǹtì o.
Ẹ bi mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì wá.
Ní Ìṣẹ́gun, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà."
A rẹ́rìn-ín. Mo fagi lé Ìṣẹ́gun,
mo kọ Ọjọ́bọ̀, mo fi àmì ìbéèrè sí i.

Àwọn baba wa sá wá sábẹ́ òkúta lásìkò ogun.
Òkúta kò bi ẹnikẹ́ni bóyá orí rẹ̀ pé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ku èmi àti ìwé.
Mẹ́tàdínlógún.
Bọ́dúnrìn àbúrò mi wà ní yàrá ẹ̀yìn,
ó ń pe orúkọ ibùdókọ̀ rélùwéè lálaalẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé òkè ọya,
mo sì ń sọ fún àlejò pé rédíò ni.
Wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́.
Mo fagi lé mẹ́tàdínlógún. Mo kọ méjìdínlógún.
Yíǹkì yí mi lọ́wọ́.
N kò nù ún.